Má Ṣe Ojúsàájú fún Ilé-Ìwé Tí A Dá Sílẹ̀

Castleridge, Calgary.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ìbídùn, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ara wa le níbí. Màmá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ sí ibi iṣẹ́ ní hospital tó wà ní Seton. Ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má fi gbogbo lẹ́tà yìí bá ọ wí. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bàbá rẹ.

Nígbà tí o pè wá lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá lọ́hùn-ún pé o ti rí iṣẹ́ ìjọba ní Edmonton, pé office tó ń bójú tó àwọn charter school, ilé-ìwé tí ará ìlú dá sílẹ̀ pẹ̀lú owó àti àṣẹ ìjọba, ni wọ́n fi ọ́ sí, màmá rẹ pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì kan ògiri. O béèrè pé, "Daddy, aren't you happy for me?" Mo kàn gbé fóònù fún màmá rẹ ni. Inú mi dùn, ọmọ mi. Ìtìjú ló dí mi lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti ìwọ láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, n kò sì tíì tọrọ àforíjì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ títí dòní. Iṣẹ́ tí o rí yìí ló tú u síta. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé.

Ohun kejì ni pé Fọlárìn wá sílé lọ́jọ́ kejì tí ìròyìn rẹ tàn kálẹ̀. O mọ̀ ọ́n, òun ni alága board, ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-ìwé tí a jọ dá sílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé iṣu mẹ́ta dání. Charter wa, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ìjọba fún wa, máa parí lọ́dún yìí, a sì ní láti tọrọ òmíràn. Ó ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀, kí o fi ojú àánú wò wá. Mo ní kí ó gbé iṣu rẹ̀ padà. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí o kéré nígbà náà, ohun tí o rí nìkan lo mọ̀.

Ìkíní: Ka òfin fúnra rẹ, pàápàá nígbà tí inú bá ń bí ọ.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, tí a ń gbé inú basement ní Falconridge, àwa òbí méje ló máa ń pàdé níbẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Ohun tó kó wa jọ ni ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé àbúrò rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣe ìṣirò àwọn ọmọ tó jù ú lọ láti Abẹ́òkúta, àwọn tíṣà ilé-ìwé tí a fi í sí ní àwọn ò gbọ́ English tó ń sọ, wọ́n wá mú un lọ sí ìdí tábìlì kan níbi tí wọ́n ti ń kun àwòrán labalábá. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ mi fi kun labalábá. Lọ́jọ́ tó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Daddy, am I dull?" ni mo pe Fọlárìn. Ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà náà, ó sì jẹ́ díákónì. Màmá rẹ pe Alhaja Ṣìdí, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀. Alhaja pe Harjit, obìnrin Punjabi tó ń wa bọ́ọ̀sì ìlú, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà nídìí tábìlì labalábá.

Èmi ni mo kọ ìwé ìbéèrè àkọ́kọ́ sí ìjọba, pé kí wọ́n jẹ́ kí a dá charter school tiwa sílẹ̀. Tíṣà ni mí, mo rò pé mo mọ ohun gbogbo. Ẹnìkan ló sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún mi, n kò ka òfin rárá. Mo ní a ó máa dán àwọn ọmọ wò kí a tó gbà wọ́n. Mo ní òbí kọ̀ọ̀kan á máa san nǹkan díẹ̀. Fọlárìn ní kí n fi àdúrà òwúrọ̀ kún un. Alhaja ní, "Àdúrà ta ni, Díákónì? Tiyín ni àbí tèmi?" Wọ́n jà sí i títí tíì inú ife wa fi tutù. Mo kọ àdúrà sílẹ̀ láì sọ ti ta ni, mo fi ìwé ránṣẹ́.

Èsì dé, kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Wọ́n ní ohun tí a kọ yìí kì í ṣe charter school.

Mo bínú! Mo ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni gbogbo wọn. Mo ní wọn ò fẹ́ kí ọmọ dúdú gòkè. Mo sọ ọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Harjit gbọ́ mi tán, ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Did anybody here actually read the law?"

Kò sẹ́ni tó kà á.

Àwọn bàbá wa ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni mo wọ train lọ sí library, mo tẹ òfin náà jáde, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Charter school jẹ́ ti gbogbo ìlú. Owó ìjọba ló ń gbé e, nítorí náà kò gbọdọ̀ gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹ̀sìn kankan. Bí àyè bá wà, tí ọmọ kan sì wá, kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Tíṣà tó bá ní ìwé-ẹ̀rí ìjọba ìpínlẹ̀ Alberta tí a wà yìí nìkan ló lè dúró níwájú kíláàsì. Ẹgbẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí kì í wá èrè, ló gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀, board rẹ̀ ló sì máa jíhìn. Charter yẹn fúnra rẹ̀, ìwé àṣẹ ni. Ó ní ọjọ́ tó máa parí. Minister ètò ẹ̀kọ́ lè fún wa ní òmíràn, ó lè gbà á padà, ó sì lè rán olùbẹ̀wò wá wo ohun tí a ń ṣe. Nígbà yẹn, òfin tún ní kí a kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn school board àdúgbò, ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé-ìwé ìjọba, kí a bi wọ́n bóyá àwọn fúnra wọn á ṣe ohun tí a ń fẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ni a tó lè lọ bá Minister.

Mo kà á tán, ojú tì mí, inú mi sì dùn. Òfin tí mo rò pé wọ́n fi ń lé wa jáde, ilẹ̀kùn wà nínú rẹ̀! Èmi ni n kò wò ó. A yọ ìdánwò kúrò. A yọ owó kúrò. Alhaja àti Fọlárìn yọ àdúrà kúrò, àwọn méjèèjì wá di ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí pé kò sẹ́ni tó borí.

Lọ́jọ́ tí school board pe gbogbo àdúgbò jọ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní kí ló dé tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ò lè lo ilé-ìwé tó wà nílẹ̀ bíi ti gbogbo ayé. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Mo dìde. Mo ní, "Sir, we are not asking for your school. We are asking for the one the law says anybody may ask for." Mo gbé ìwé òfin sókè. N kò bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ń tọrọ àánú ló ń bẹ̀bẹ̀, àwa ń tọ ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ ni.

School board kọ̀. A lọ bá Minister, ó sì fọwọ́ sí i. Wọ́n jẹ́ kí a háyà ilé-ìwé kan tí wọ́n ti tì pa, òrùlé rẹ̀ ń jò. Harjit kó àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta kun gbogbo kíláàsì.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, lọ́jọ́ tí ìwé ìbéèrè kan bá dé orí tábìlì rẹ, tó kún fún àṣìṣe, tó dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ò ka nǹkan kan, má rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ló kọ ọ́. Má fi ìlà mẹ́rin dá a lóhùn. Sọ ojú ìwé tó yẹ kó lọ kà fún un.

Èkejì: Má parọ́ fún ẹni tó bá wá yẹ̀ ọ́ wò. Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ọdún àkọ́kọ́ ò tíì dé ìdajì tí tíṣà ìṣirò wa fi kó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Vancouver. A kéde iṣẹ́ náà, ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí kò wá. Fọlárìn fà mí sí apá kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ fi kọ́ ìṣirò ní Abẹ́òkúta. Ẹ bá wa dì í mú. A ó kọ yín sílẹ̀ bí olùrànlọ́wọ́ tíṣà, a ó wá fi orúkọ principal sí kíláàsì náà. Ta ló máa mọ̀?"

Mo mọ òfin. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ti gba inú mi kan. Kí a tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ni office tó ń fún tíṣà ní ìwé-ẹ̀rí ti kọ̀wé sí mi pé kí n fi èsì yunifásítì mi ránṣẹ́, kí n sì lọ ṣe course díẹ̀ sí i. Mo ní, èmi? Èmi tí àwọn ọmọ tí mo kọ́ ti di dókítà? Mo ju lẹ́tà náà sínú dírọ́ọ̀, mo lọ ń gbé páálí ní warehouse. Nígbà tí Fọlárìn pè mí, kò ṣe mí bíi pé mo fẹ́ rú òfin. Ó ṣe mí bíi pé mo ń gba ẹ̀tọ́ mi padà.

Mo sì kọ́ yín dáadáa, ìwọ náà wà níbẹ̀. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ parọ́. Ẹ gbọ́ ìṣirò lẹ́nu mi.

Ọjọ́ kan tí snow bo gbogbo ilẹ̀, obìnrin kúkúrú kan dé. Olùbẹ̀wò tí Minister rán ni. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó má baà fi omi ba ilẹ̀ wa jẹ́, ó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn wọ kíláàsì, ó jókòó lẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣe tán, ó wá bá mi. Ó ní, "You are a very good teacher. May I have your certificate number?"

Mo ní, "It is in process."

Irọ́ ni. Kò sí process kankan. Inú dírọ́ọ̀ ni lẹ́tà náà wà.

Obìnrin náà mi orí. Ó yíjú sí ọ níbi tí o ti ń kó ìwé rẹ sínú báàgì. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ pé, "And who usually teaches you math?"

O ní, "My dad. Since November."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú mọ́tò nígbà tí à ń lọ sílé, mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ilé-ìwé wa pa ni? Ṣé o mọ ohun tí o ṣe sí gbogbo wa?"

O ní, "She asked me, Daddy. What was I supposed to say?"

Mo ní ọmọ tó bá ní làákàyè á ti mọ ohun tó yẹ kó sọ.

O wò mí. O ní, "You mean lie?"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni n kò fi bá ọ sọ̀rọ̀. O máa ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, wàá kúnlẹ̀ kí mi, n kò ní gbójú sókè. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni màmá rẹ ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ èmi àti òun. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ọmọ yìí ò ṣẹ̀ yín. Ara yín lẹ ń bá jà." Láti ọjọ́ kejì ni mo ti padà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ sọ̀rọ̀, bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. N kò sọ pé mo jẹ̀bi. Ìwọ náà ò béèrè. Ó wá di ohun tí a jọ ń fò kọjá nínú ilé.

Ìbídùn, mo jẹ̀bi rẹ. Ìwọ lo ṣe ohun tó tọ́ nínú kíláàsì yẹn, èmi àgbàlagbà ni mo parọ́. Mo wá fi ìyà jẹ ọmọ tó sọ òótọ́. Kò sí bí mo ṣe lè kọ́ ọ ní nǹkan kan nínú lẹ́tà yìí bí n kò bá kọ́kọ́ sọ èyí. Dárí jì mí.

Mo ní láti fi lẹ́tà sílẹ̀ díẹ̀. Mo lọ mu omi, mo ti padà dé.

Ẹ̀kẹta: Kọ òótọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Nígbà tí ìwé olùbẹ̀wò dé, board ṣèpàdé. Fọlárìn ti kọ èsì sílẹ̀: principal ló ń kọ́ kíláàsì náà, Ọ̀gbẹ́ni Lékè, ìyẹn èmi, kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni, ọmọ yẹn ṣì í sọ ni. Ọmọ yẹn. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ sọ di onírọ́, kí ilé-ìwé lè dúró. Ibẹ̀ ni nǹkan já nínú mi. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo dìde, mo gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fà á ya. Mo ní, "Ọmọ mi ò ṣì í sọ. Èmi ni mo kọ́ wọn, n kò ní ìwé-ẹ̀rí, gbogbo wa tó wà níbí ló sì mọ̀." Alhaja ní, "Tíṣà ti sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Wọn ò ti ilé-ìwé pa. Wọ́n ní kí n kúrò níwájú kíláàsì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fún wa ní ìwọ̀nba àkókò láti wá tíṣà tó ní ìwé-ẹ̀rí, wọ́n sì ní kí board máa jíhìn fún wọn lemọ́lemọ́ títí ọdún náà fi parí. Àwọn òbí kan kó ọmọ wọn lọ. Fọlárìn kò kí mi fún ọdún kan gbáko, bí a bá pàdé ní ilé ìtajà, á yí kẹ̀kẹ́ ọjà rẹ̀ padà.

Mo padà sí warehouse. Lẹ́yìn náà mo lọ ṣí dírọ́ọ̀. Ọdún méjì ni mo fi wọ train lọ sí kíláàsì láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí, èmi tí mo ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí wọn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí nígbà tí ìwé-ẹ̀rí mi dé. Mo gbé e lọ sí ilé-ìwé wa, mo ní mo wá wá iṣẹ́. Fọlárìn wò ó síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè sinmi." Mo ní rárá o.

Wo obìnrin olùbẹ̀wò yẹn dáadáa, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé fún ọ. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó gbọ́ tèmi, ó gbọ́ tìrẹ, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó kọ ohun tó rí, kò bù mọ́ ọn, kò bù kúrò. Nígbà tí mo ka ìwé rẹ̀, ó kọ irọ́ mi síbẹ̀, ó sì kọ síbẹ̀ pẹ̀lú pé àwọn ọmọ inú kíláàsì náà mọ ìṣirò. Èèyàn kan wà tó fẹ́ràn láti máa ti nǹkan pa, òmíràn sì wà tó ń bẹ̀rù láti kọ àṣìṣe sílẹ̀. Má jọ èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ̀kẹrin ni ti iṣu Fọlárìn.

Obìnrin ará Eritrea kan wà tó ń gbálẹ̀ ní hospital tí màmá rẹ ti ń ṣiṣẹ́. Sáábà lorúkọ rẹ̀. Ó bí ọmọbìnrin kan, Ruta, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí kò tíì mọ ìwé kà dáadáa nítorí ojú ọ̀nà ni wọ́n ti lo púpọ̀ nínú ayé rẹ̀ kí wọ́n tó dé Canada. Sáábà mú un wá sí ilé-ìwé wa. Wọ́n gbé ìwé fún ọmọ náà pé kí ó kà á. Kò lè kà á. Wọ́n ní kò sí àyè. Sáábà sọ ọ́ fún màmá rẹ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ó ti mọ́ ọn lára kí wọ́n máa sọ pé kò sí àyè.

Àyè wà. Grade four ni mò ń kọ́ báyìí, àga mẹ́rin ló ṣófo nínú rẹ̀.

Mo lọ bá Fọlárìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, charter máa parí. Èsì ìdánwò ni wọ́n máa wò. Bí a bá ń kó àwọn tí kò mọ̀wé kà wọlé báyìí, kí la fẹ́ fi hàn wọ́n?" Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lo pè wá. Ọjọ́ kejì ló gbé iṣu dé, ó jókòó sórí àga mi, ó ní, "Ọlọ́run ló ṣe é. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ kàn bá Ìbídùn sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Fọlárìn, Ruta ńkọ́? Kò ní ìdí ni?"

Ó ní mo ti ń ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó gbé iṣu rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, board ṣèpàdé. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ níwájú gbogbo wọn: ọmọ tí a lé, àga tó ṣófo, ìdánwò tí òfin kò fún wa láṣẹ láti fi ti ilẹ̀kùn. Fọlárìn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé yìí lẹ́ẹ̀kan rí. Ṣé ẹ̀ẹ̀kejì lẹ fẹ́ ni?"

Mo ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bó bá jẹ́ pé lílé irú ọmọ yìí ló ń mú ilé-ìwé wa dúró, ẹ jẹ́ kó wó. Nítorí irú rẹ̀ la ṣe dá a sílẹ̀."

Harjit, tó ti fi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì sílẹ̀, tí irun rẹ̀ ti funfun, ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Mẹ́rin nawọ́, mẹ́ta kọ̀. Wọ́n fagi lé ìdánwò náà, wọ́n gba Ruta wọlé, wọ́n sì ní kí a fúnra wa kọ ohun tí a ṣe ránṣẹ́ sí Edmonton kí ẹnikẹ́ni tó wá bi wá. Lẹ́tà náà ti lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ọ: ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o bá dé ẹnu iṣẹ́, kí o tó bọ́ aṣọ òtútù rẹ, lọ bá ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé bàbá rẹ wà lára àwọn tó dá ilé-ìwé wa sílẹ̀, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀. Ní kí wọ́n gbé fáìlì wa fún ẹlòmíràn. Má ṣí i. Má bi ẹnikẹ́ni léèrè rẹ̀. Èmi náà ò ní bi ọ́, bí màmá rẹ bá sì bi ọ́, sọ pé mo ní kó má béèrè. Bí onítọ̀hún bá wá gba charter náà lọ́wọ́ wa, má pè mí láti fi ọ̀rọ̀ tútù bá mi sọ̀rọ̀. Lọ máa ṣe iṣẹ́ rẹ. Ilé-ìwé mìíràn wà níwájú rẹ, àwọn ọmọ sì wà nínú wọn.

Àwọn ará wa máa pè ọ́. Wọ́n á ní o ti di òyìnbó. Wọ́n á ní a tọ́ ọ tán, o ò mọ̀ wá mọ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó bá ní kí o pa òfin tì nítorí pé o jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó ń sọ fún ọ pé ọmọ Yorùbá ò lè dúró níbi tí òfin wà. Irọ́ ni. Àwa la ka òfin náà fún wọn nígbà yẹn!

Ó kù díẹ̀. Ra táyà snow kí oṣù kẹwàá tó parí, Edmonton tutù ju ibí lọ. Má gbé inú ilé tí oòrùn kì í wọ̀. Má máa fi indomie ṣe oúnjẹ alẹ́ lójoojúmọ́. Ní ti ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Dámilọ́lá yẹn, màmá rẹ ní kí n má dá sí i, nítorí náà n kò dá sí i. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa bó ṣe ń bá àwọn tí kò lè ṣe nǹkan kan fún un sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibẹ̀ á máa mú ọwọ́ rẹ dúró ṣinṣin lórí ìwé. O ò ní fọwọ́ sí ohun tí wàá sá fún. Wọn ò ní fi ojú rere ra ojú rẹ, wọn ò sì ní fi ìbẹ̀rù dí ẹnu rẹ.

Ruta wọ kíláàsì mi lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fi í sí iwájú. Ó mọ ìsọdipúpọ̀ méje, ó fi èdè rẹ̀ kà á fún mi, mo sì mọ̀ pé ó gbà á nítorí nọ́ńbà tó kọ sílẹ̀. Ìwé kíkà á tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá fún wa ní charter tuntun, a ó máa kọ́ni lọ. Bí wọ́n bá gbà á, màá kọ ìwé ìbéèrè mìíràn, orúkọ Ruta ló sì máa ṣíwájú nínú àwọn ọmọ tí à ń tọrọ ilé-ìwé fún. N kò tíì dàgbà jù láti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Adélékè.